Bàbá Afòòrùnkọ̀wé

Ọjọ́ tí àpótí bàbá ayàwòrán rú èéfín ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà kan tó ń kọjá lọ rí èéfín náà, ó sì da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lé e lórí. Bàbá jáde, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ ti pa aago méjì ọ̀sán."

"Mo gba ilé yín lọ́wọ́ iná, ẹ ń sọ̀rọ̀ aago."

"Ilé kọ́ ló ń jó. Oòrùn ló ń kọ̀wé."

Òótọ́ ni. Àpótí pákó tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni kámẹ́rà bàbá. Yóò tẹ́ bébà fọ́tò sínú rẹ̀, yóò fi gíláàsì tó ń kó oòrùn jọ sójú rẹ̀, yóò sì ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí oòrùn ṣe ń rìn lójú ọ̀run ni yóò máa jó bébà náà lọ, tí yóò fi là á bí ẹni fi abẹ là á. Lórí bébà ọ̀hún, ohun funfun a di dúdú, ohun dúdú a di funfun. Ẹni tó bá ń rìn kì í sì í hàn níbẹ̀.

Onílé bàbá kò mọ èyí nígbà tó ní kó ya òun. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó dúró níwájú ilé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọlé lọ sùn. Nígbà tí fọ́tò dé, ilé wà níbẹ̀, onílé ò sí.

"Èmi dà?"

"Ẹ ò pẹ́ níbẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rù ba onílé, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí àwa náà wo fọ́tò ọ̀hún, ara wa bù máṣọ. Ojú pópó tí èèyàn ń wọ́ bí omi, kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀, ojú ọ̀run dúdú kirikiri. Àfi bíi pé ìpè ìkẹyìn ti dún, tí Olúwa sì ti kó gbogbo wa lọ. Ó kó onílé mọ́ wa, ìyẹn ló yà wá lẹ́nu, tó sì pa wá lẹ́rìn-ín.

Aránṣọ, ìyàwó bàbá, kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò ní fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ yà: ọkọ wà lẹ́yìn àpótí, ìyàwó kì í jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí àìsàn wọ àyà bàbá, ẹ̀rù wọ tìyá.

"Bẹ́ ẹ bá lọ báyìí, Bàbá wọn, ṣé ògiri ni kí n máa wò?"

"Gbé àga méjì síta. Àmọ́ o ò ní dìde o."

Wọ́n jókòó láti aago méje. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá ní, "Orúnkún mi ti ń kú."

"Jẹ́ kó kú. Ohun tó bá kú ló ń hàn dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá lọ.

Nínú fọ́tò yẹn, pópó ṣófo, àwọn méjèèjì nìkan ló kù láyé. Ojú wọn funfun bíi ti iwin, ṣùgbọ́n ewú orí wọn ti padà di dúdú, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ojú fèrèsé ibi tó ti ń ránṣọ ni ìyá lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí oòrùn bá ti yọ, ìmọ́lẹ̀ a gba ojú ibi tí oòrùn ti jó fọ́tò náà là kọjá, a di ìlà tínrín, a máa rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí dé ìdí àga bàbá. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ jókòó síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, àǹtí, ẹ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ń bọ̀."

Ìyá kó aṣọ tó wà lórí àga náà kúrò, ó sì ń rọra tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kó má baà pariwo jù.