Àbàjà Ìyá Látéèfù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Ọ̀rọ̀ Mọ́nsúrátù ni, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ táípù ládùúgbò wa n'Ìwó. Nígbà tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́dún 1998, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, títí ó fi mọ̀ ọ́n lò. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí o! Ẹ̀rọ yẹn á máa kùn, àwòrán á máa jáde díẹ̀díẹ̀ látòkè wá, bí ẹni ń tú ẹní, àwa á sì dúró tì í, a ò ní mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Látéèfù wá láti Olúpọ̀nnà pẹ̀lú fọ́tò wọn kan ṣoṣo. Látéèfù, ọmọ wọn, ti lo ọdún mọ́kànlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ ò rí ìyá àgbà wọn rí. Ó ṣí ojú-ìwé ìdílé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́ kí àwòrán ìyá òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó fúyẹ́ o, torí wáyà tẹlifóònù ló máa gbé e wá, èyí tó bá wúwo ò ní tètè ṣí.

Ìyá ní, "Bó ti wù kó fúyẹ́ tó, àbàjà mi gbọ́dọ̀ hàn. Òun làwọn ọmọ yẹn máa fi dá mi mọ̀."

Mọ́nsúrátù fi ẹ̀rọ ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó dá a padà fún wọn. Àwòrán ọ̀hún tóbi débi pé dísíkẹ́ẹ̀tì kan, tó fẹ́ fi gbé e lọ sí Ìbàdàn níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ò gbà á. Ló bá fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ó tọ́jú ẹ̀ rọ́pò èyí tó tóbi. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ṣí ìyẹn kan náà, ó tún fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹfà!

Nígbà tí Ìyá padà wá, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n di ojú kan.

"Mọ́nsúrá, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi? Ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n dà sí mi lójú ni? Àbàjà mi dà?"

Lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti rí bí ògiri bíríkì. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì fẹ́ gba ojú Mọ́nsúrátù.

"Ẹ má bínú, mà. Fọ́tò yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ó yá, dìde, ká jọ lọ mú un."

Ọ̀kadà gbé wọn dé Olúpọ̀nnà, Mọ́nsúrátù sì mú fọ́tò náà bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ya á tán, kò fọwọ́ kan èyí tó tóbi mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó gé ògiri àti àga kúrò, ó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, ó wá fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìlà ojú bá ti fẹ́ parẹ́, á sọ ẹ̀dà yẹn nù, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi. Ẹ̀dà kẹta ló bọ́ sí i! Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, síbẹ̀ ìlà mẹ́rin hàn lọ́tùn-ún, mẹ́rin hàn lósì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí Mọ́nsúrátù fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, èsì Látéèfù dé. Haneefah, ọmọ rẹ̀ kékeré, ti fi ìka ka ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà, ó wá ń béèrè bóyá ó dun ìyá àgbà nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Látéèfù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ sọ fún un pé ó dùn mí gan-an o! Kó máa bọ̀ wá fọwọ́ kàn án."

Mọ́nsúrátù ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àwòrán méjèèjì, èyí tó bàjẹ́ àtèyí tó hàn, sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ yà síbẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó ṣí wọn síwájú yín. Ẹ lọ wò ó fúnra yín.