Orogún Inú Gíláàsì

Òórùn òkun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí nǹkan kan. Abẹ́òkúta tiwa yìí, àpáta la ní, odò Ògùn la ní, a ò ní òkun. Èmi tí mo ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní Láfẹ́nwá láti ìgbà tí àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn, òkun tó ti kú, tó ti gbẹ, tó wà nínú àpò, ni imú mi mọ̀. Èyí tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ lọ́jọ́ náà yàtọ̀. Ó tutù, ó sì ń mí. Mo wọlé, mo bá ọkọ mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí gíláàsì kan tó kún fún omi, tí kò tóbi ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin tó ní ẹ̀yìn ń dun òun lọ́jọ́ tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi!

"Alájì, kí lẹ sọnù?" ni mo bi í.

"Iyùn ni," ó ní, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Iyùn abẹ̀mí, bó ṣe ń hù nísàlẹ̀ òkun."

"Iyùn tí mi ò lè so mọ́ ọrùn, ta ló fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló pa á lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn iyùn náà ló ṣí ọwọ́ nínú omi.

Ọdún yẹn ló fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà ti kìlọ̀ fún mi pé ọkùnrin tó bá fẹ̀yìn tì, ìyàwó kékeré ló ń wá kiri. Mo múra sílẹ̀ de ọmọbìnrin. Mi ò múra sílẹ̀ de ohun tó ń gbé inú omi. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta nísàlẹ̀. Ọ̀kan dà bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, àmọ́ ó pọ́n bí ẹsẹ̀ ìyàwó tó lé làálì. Èkejì ní ìka ṣìgbọ̀ṣìgbọ̀ bí ọwọ́ ọmọ ìkókó. Ẹ̀kẹta ni mo kórìíra jù: àtẹ́lẹwọ́ wẹ́wẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ìgbà tí èrò mọ́ṣáláṣí ń ṣe àmín sí àdúà. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Alámín. Bí ọkọ mi ò bá sí nílé, èmi náà máa ń dúró wò ó títí tí ọbẹ̀ á fi fẹ́ jóná. Má sọ fún un.

Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, iwájú gíláàsì ló kàn. "Ẹ kúu jíjí o," ló máa wí. Ẹ! Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ń fi ẹ̀yin kí ohun tí kò lẹ́nu. Èmi á wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Alájì," á ní, "Ẹn-hẹ́n, rọra, ò ń dí ìmọ́lẹ̀ wọn." Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ láràárọ̀. Oṣù méjì gbáko, mi ò gbọ́ ọ. Obìnrin kan ní Èkó ló sì tà wọ́n fún un, ohùn rẹ̀ dùn bí àádùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Màdámù, wọn ò là dáadáa lánàá, ọwọ́ wọn ò ṣí tán," ọkọ mi á wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ilé tuntun ni, wọ́n á là."

Èmi á pariwo láti kíṣìnnì: "Alájì, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi náà ò là dáadáa lánàá o!"

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí àpáta Abẹ́òkúta ń tú ooru jáde bí ààrò, obìnrin náà ní omi yẹn ò gbọdọ̀ gbóná. Kí ọkọ mi ṣí ìdérí rẹ̀, kó gbé fáànù síwájú rẹ̀. Fáànù wo? Fáànù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni. Èmi wá ń fi páálí edé fẹ́ra, àwọn orogún mi ń gba atẹ́gùn nínú pálọ̀.

Fáànù yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé omi lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi á ti fà tó ìka méjì. Ọkọ mi á wá po iyọ̀ òkun tó ń rà mọ́ omi, bí obìnrin yẹn ṣe kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kún àpótí náà, á rọ ọ́ sí i, á kún padà. Ohun kékeré tó fi ń wọn iyọ̀ omi ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là sí méjì, òmíràn ò sì tíì dé láti Èkó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olú ká jọ, ìka sorí kodò, Ìyá Alámín ò ṣe àmín mọ́. Ọkọ mi pe obìnrin rẹ̀ ti Èkó. Ìyẹn béèrè nípa iná, ó béèrè nípa oúnjẹ, ó béèrè bóyá ẹnì kan ti fi ọwọ́ tó ní ọṣẹ kan omi. Ọkọ mi yíjú, ó wò mí. Àmọ́ obìnrin náà ò béèrè irú omi tó ń bù kún un. Ta ni yóò rò ó?

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo ń nu pálọ̀, mo rí ohun funfun tó gbẹ mọ́ etí gíláàsì. Mo ti ìka bọ omi, mo lá a. Háà! Omi tí wọ́n lè fi rẹ ẹja tí kò ní bàjẹ́ títí ọdún á fi yí po ni. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́ta, mo mọ̀ pé ọbẹ̀ tó bá gbẹ lórí iná, omi rẹ̀ ló bá èéfín lọ, iyọ̀ rẹ̀ ò lọ síbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, omi lásán ló ń bù sí i. Ọkùnrin tí kò se ọbẹ̀ rí láyé ló lè máa fi omi iyọ̀ kún omi iyọ̀. Mo lanu láti pè é. Mo pa á dé.

Mo fẹ́ kí wọ́n kú. Kí n má parọ́ fún ọ. Mo ní ṣebí èmi kọ́ ni mò ń bù ú. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi lọ sí Láfẹ́nwá, mo ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín, mo ń dé, mo ń yọjú sí gíláàsì bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìrẹsì ti jinná. Lọ́jọ́ kẹfà, Ìyá Alámín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ẹ̀kọ tó dà sómi. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ tó tutù bọ àárín itan.

"Ìwọ lo tọ́ àwọn ọmọ," ó ní, kò wojú mi. "Èmi, fáìlì ni mo tọ́. Èyí nìkan ni mo fọwọ́ ara mi tọ́ láyé, wò ó bó ṣe rí. Bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n kó gbogbo rẹ̀ dà nù."

Mo ti ní àwàdà kan létè. Kò jáde.

"Alájì, omi lásán ni kẹ́ ẹ máa bù sí i."

"Kí lo wí?"

"Iyọ̀ kì í fò lọ. Omi nìkan ló ń lọ. Ẹ ti sọ ọ́ di ọbẹ̀ oníyọ̀."

Ó pe Èkó. Obìnrin náà figbe ta: "Yéè! Sà, omi iyọ̀ lẹ fi ń kún un?" Ó ní kó máa bu díẹ̀ kúrò lójúmọ́, kó máa fi omi mímọ́ tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀, kó má kánjú, nítorí bí iyọ̀ bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an lè pa àwọn tó kù. Ọkọ mi gbé fóònù kalẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti ṣe tán, ó kéré, ó sì dára: *nísinsìnyí ni.* Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Àlàmísì," ni mo wí.

Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá dá a lóhùn. Ẹnu lọjà mi. "Ó dáa," ló wí, ó sì lọ bu omi.

Olú là lọ́jọ́ karùn-ún. Oníka gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbórí sókè. Ìyá Alámín ò padà wá. Òkúta tó lẹ̀ mọ́ nìkan ló kù láàárín àwọn yòókù, ó ṣófo. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí a ò bára wa sọ ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ, ọkọ mi gbé ife ìbumi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kó o máa bomi sí i," ó ní. Kò fi ṣe ẹ̀san, kò sì fi ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló gbé e fún.

Tẹ́lẹ̀, ariwo ni mo pe owú. Mo rò pé àwo fífọ́ ni, pé orin èébú lójú fèrèsé ni, mo sì máa ń fi àwọn obìnrin tó ń ṣe é rẹ́rìn-ín. Tèmi ò pariwo. Ó nu pálọ̀ mọ́ tónítóní. Kò da májèlé sómi, kò purọ́ kankan. Ó kàn mọ̀, kò sọ. Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi ní òun fẹ́ yọ òkúta òfìfo yẹn kí òun fi nǹkan tuntun síbẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀.