Ìdí Tí Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Àwo Kò Fi Kúrò Lọ́wọ́ Ilésanmí

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Ilésanmí ní ọdún 1962. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ àwọn òyìnbó GRA ló ń fọ̀, tó sì ń lọ̀, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò ga, kò sanra. Ẹnu rẹ̀ mú.

Èmi àti ẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Port Harcourt. Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ìsinmi lọ sílé gbọ́dọ̀ mú àwo orin kan bọ̀. A ó kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí àwo náà. Tó bá kú, lọ́dọọdún, ní oṣù tó kú, àwo rẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbé sórí giramafóònù nípàdé. Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o, bákan náà ni. Ẹni tí wọ́n sin síbí, tí ilé jìnnà sí, ohun tó kù fún un nìyẹn.

Ọwọ́ Ilésanmí ni kọ́kọ́rọ́ àpótí àwo wà. Òjò ibí pọ̀. Àwo tí o bá pa tì fún oṣù méjì á bu bíi búrẹ́dì. Ilésanmí á po ọṣẹ díẹ̀ sínú omi tútù, á fi àkísà àrán nu àwo náà yípo, bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ. Kì í jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Á tò wọ́n lóòró síbi ibòji, torí oòrùn a máa ká àwo bí ewé. Gbogbo Sátidé rẹ̀ ló ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n fi Múyìwá ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, bánkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní àwo tirẹ̀ nílé, àwọn tuntun tó máa ń tẹ̀ bíi rọ́bà. Sìpíríìtì ló fi ń nù wọ́n, wọ́n sì ń dán. Tẹgbẹ́ kì í ṣe irú ìyẹn. Àwo àtijọ́ ni tiwa, tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran. Múyìwá ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Èmi náà ò mọ̀.

Nípàdé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Múyìwá gbé ìgò sìpíríìtì kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, omi àti ọṣẹ yìí ti tó. Sìpíríìtì ni kí ẹ máa lò."

"Mi ò lò ó."

"Kí ló dé?"

"Pọ́líìṣì tí káfíńtà fi ń kun àga ló wà nínú àwo yẹn. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan èyí tó fọ́ nínú wọn rí. Òórùn kan náà ni. Tí pọ́líìṣì bá ta sáṣọ, sìpíríìtì ni mo fi ń yọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, this one no be shirt o," ni Múyìwá wí.

"Kì í sì í ṣe lẹ́jà bánkì."

Alága ní kó lo sìpíríìtì tàbí kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ilésanmí ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ wá mú un."

Oṣù yẹn ni oṣù Múrítàlá télọ̀, tó ti kú. Asiata ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí àwo ọkọ rẹ̀. Àwo náà ti wà lórí tábìlì. Òun ni Múyìwá gbé, tó sì ń ṣí ìgò. Ilésanmí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kì í ṣe tòkú."

"Ẹ fi mí lọ́wọ́ sílẹ̀, Bàbá."

"Gbé e sílẹ̀ ná."

Ó ṣí àpótí, ó mú tirẹ̀ jáde. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ló mú un bọ̀ láti Iléṣà.

"Tèmi rèé. Dà á sí i. Tó bá dán, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ̀ ọ́. Tó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi títí n ó fi kú."

Múyìwá dà á sí i, ó fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Áńkáṣíìfù náà di dúdú.

"Ẹ ò rí ìdọ̀tí tó ń jáde?" ni alága wí.

Ó tún nù ún. Áńkáṣíìfù lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fà á kúrò, ìlà ti pa rẹ́, ojú àwo rí bí ọ̀dà. Ilésanmí jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ó gbé e sórí giramafóònù. Ariwo bí epo gbígbóná ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Asiata dìde, ó gbé àwo ọkọ rẹ̀ lé itan.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Múyìwá wí. "Màá ra òmíràn fún yín."

"Má rà á. Dá a padà sínú páálí rẹ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀. Tí mo bá kú, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ. Ariwo yẹn ni kí gbogbo yín jókòó gbọ́."

Alága wúkọ́, ó ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Ó kù," ni Ilésanmí wí. Ó gba àwo lọ́wọ́ Asiata, ó fi àrán nù ún, ó gbé e sórí giramafóònù. A gbọ́ ọ títí ó fi tán.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń rìn lọ sílé. Ó dúró lọ́dọ̀ Ibiere tó ń yan nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ra bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹja sísun, ata rẹ̀ pọ̀. Ó ti rí mi nígbà tí mo rẹ́rìn-ín nípàdé. Kò bù fún mi. Òun nìkan ló jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja náà tán.