Àwọn Ìwé Tí Bàbá Wọn Ń Kà Sí Wa Létí

Ọdún tí àrùn kòrónà lé gbogbo ayé wọ ilé ni, ọdún tí a ń fi aṣọ bo imú bí olè, tí lèmọ́ọ̀mù gan-an ń kí wa láti òkèèrè. Bí àwọn òyìnbó ṣe ń ka ọdún kò yé mi; ọdún kòrónà ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde nínú páálí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó ní òun yóò máa kà wọ́n sókè ní ìrọ̀lẹ́ kí ilé má baà pa rọ́rọ́.

Èmi, ọmọ Òṣogbo ni mí, nílé aláró. Ilé kéwú ni mo lọ, mi ò lọ sílé ìwé. Mo lè ké sùrá tó gùn láìwo ibì kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ orúkọ mi sára ògiri, màá kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ọkọ mi, ọmọ Iléṣà ni, ó mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn iyán débi pé bí kò bá rí i jẹ fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ó lè máa bá adìẹ jà. Kì í ka ìwé ìtàn àròsọ. Ó ní irọ́ ni, pé òun ti gbọ́ irọ́ tó ní ọ́fíìsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni òun ń kà, tàbí ohun tó wúlò.

Mi ò lè kà, ṣùgbọ́n mo dá gbogbo ìwé rẹ̀ mọ̀ bí mo ṣe ń dá àwọn ọmọ mi mọ̀ láti ẹ̀yìn. Àwòrán ara wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Èyí tó ní adìẹ pupa ni ìwé bí a ṣe ń sin adìẹ. Èyí tó ní ọkùnrin tó fi irun ẹran bo orí ni ti ẹnì kan tó rìn lọ sí ìlú òtútù. Èyí tó ní dókítà tó ń rẹ́rìn-ín ni ìwé ìlera. Ìkòkò wà lára ti oúnjẹ sísè. Ọkùnrin àti obìnrin tó di ara wọn lọ́wọ́ mú wà lára ti ìgbéyàwó, mi ò sì mọ ẹni tó rà á fún un.

Obìnrin opó kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé àga rẹ̀ wá, á jókòó jìnnà sí wa, á sì fa aṣọ ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n kó lè gbọ́ràn dáadáa. Mi ò mọ ohun tí imú ní í ṣe pẹ̀lú etí.

Ọjọ́ tó kan ìwé ìgbéyàwó, ọkọ mi kà á, ó ní, “Kí ìyàwó máa yin ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́.” Ó gbé ojú sókè, ó wò mí.

Mo ní, “Ẹ ṣí ojú ewé kejì.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ohun tí ọkọ náà ṣe tí a fi máa yìn ín.”

Obìnrin iwájú ilé wa rẹ́rìn-ín títí àga rẹ̀ fi ń mì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ìwé. Ìwé adìẹ ṣe wá lóore tí a lè fọwọ́ bà. Kí ó tó kà á, àwọn adìẹ wa kàn ń sùn, wọn kì í jí. Ìwé sọ irú omi tó yẹ kí a fún wọn, ó sọ ohun tó yẹ kí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí a lọ gba abẹ́rẹ́ wọn. Ikú wọn dín kù. Obìnrin iwájú ilé náà lọ tún ilé adìẹ tirẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ etí ló fi ka ìwé náà, bíi tèmi. Ìwé ìtàn àwọn ìlú, ìjà ló dá sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bó bá kan Iléṣà, ohùn ọkọ mi á ga bí ẹni tó gun orí mìńbárì ní mọ́ṣáláṣí. Bó bá kan Òṣogbo, á máa kà á bí ẹni tó ń ka ara ìgò oògùn. Síbẹ̀ inú ìwé yẹn ni mo ti gbọ́ ìdí tí ilé aláró fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa. Láti kékeré ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ aró, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Ọ̀kan wà tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan ló kọ ọ́ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kú, ó sì pa abọ́ tí ọmọ náà fi ń jẹun mọ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èmi náà sin àkọ́bí mi kí n tó bí àwọn tí ẹ mọ̀ yìí. Nígbà tiwa, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà á ní kí a má sọ ọ́ mọ́, kí òmíràn lè tètè dé. Mo sì pa ẹnu mọ́, ó di bárakú. Nígbà tí ọkọ mi ka ibi abọ́ náà, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Ó tẹ̀ lé mi wọlé. Ọjọ́ náà la tó pe orúkọ ọmọ yẹn láàárín ara wa. Ìwé náà kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó kàn jókòó tì mí ni.

Ibẹ̀ la wà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé iyán ń pọ̀ jù nínú ìwé.

Ti ọkùnrin onírun ẹran ló kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì. Ọkọ mi ń kà á lọ: “Ó rìn, ó rìn, yìnyín dé orúnkún rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ilé kan. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀.”

Obìnrin iwájú ilé ní, “Iyán kẹ̀?”

“Iyán. Ó gbóná.”

“Bàbá, nínú yìnyín, ibo ni wọ́n ti hú iṣu?”

“Ṣé ìwé ni kí n kà ni, àbí kí n máa dáhùn ìbéèrè?”

Lọ́jọ́ mìíràn ó ka bí àwọn ará etí òkun ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja, iyán ló parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oníṣòwò ńlá kan tó ń kú lọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó súre fún wọn, ó sì ní kí wọ́n gún iyán wá. Mo fi ohùn Iléṣà tirẹ̀ dá a lápàárá, mo ní, “Ẹ̀yin ará uyán, ẹ ti kó gbogbo ìwé ayé lọ sílé yín.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá a padà fún mi bó ṣe máa ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, ó tún ń ka ti onírun ẹran. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé adìẹ pupa ló kọjú sí mi. Mo wò ó dáadáa. Adìẹ ni. Mo wá wo ojú ọkọ mi, kò rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bí ojú ẹni tó ń kàwé. Ìka rẹ̀ tó máa ń tọ abẹ́ lẹ́tà kàn sinmi lórí ìwé ni. Mi ò sọ nǹkan kan, nítorí obìnrin iwájú ilé yẹn, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbọ́ kì í sùn sílé rẹ̀.

Nígbà tó gbé àga rẹ̀ lọ, mo ní, “Bàbá wọn.”

“Hẹn.”

“Adìẹ yìí mà rìn jìnnà o. Ó ti dé ìlú yìnyín.”

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú. Ó tún nà án jìnnà. Ó wá dà á dé orí itan rẹ̀.

Mo ní, “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti ṣe díẹ̀. Bí èéfín ló rí. Mo rò pé á lọ.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í ka irọ́.”

“Kì í ṣe irọ́. Mo ti ka gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo bá gbàgbé ni mò ń dí.”

“Iyán lẹ sì fi ń dí i.”

“Kí lo fẹ́ kí n fi dí i? Ẹ̀bà?”

A jọ rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Iléṣà, èéfín ló fi bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń kán sí i lójú, títí ó fi di ẹni tó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Ọkọ mi ní bí òun bá dé ọsibítù, wọ́n lè sọ pé ojú òun ń lọ bíi ti ẹ̀gbọ́n òun. Níwọ̀n ìgbà tí òun kò tíì lọ, èéfín lásán ni. Ẹ gbọ́ irú ọgbọ́n tí ẹni tó mọ̀wé ń dá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, wá kí wa. Mo gbé ìwé dókítà tó ń rẹ́rìn-ín fún un, mo ní kó wá ibi tí wọ́n ya ojú sí. Ẹ wò ó, gbogbo ewé ìwé yẹn ló ti rọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: ibi ẹ̀jẹ̀ ríru, ibi inú rírun, ibi oríkèé ríro. Ti ojú nìkan ló le gbagidi bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ọmọ kà á síta. Ìwé ní ohun kan wà nínú ẹyinjú tó dà bíi gíláàsì, pé bí èèyàn bá ń dàgbà ó lè ṣú bí gíláàsì àtùpà tí èéfín bò. Ó ní àgbo kì í mú un kúrò, oyin kì í mú un kúrò, àwọn nǹkan tí à ń kán sójú lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Ó ní dókítà lè yọ èyí tó ṣú, kó fi òmíràn sí i. Ó ní àìsàn ojú mìíràn wà tó jọ ọ́, pé àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, “Kó yọ ọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ já bọ́tìnì.”

“Dádì, òótọ́ ló kọ o.”

“Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n dókítà ló kọ ọ́. Òun ló máa mú ọ̀bẹ dání. Èmi, ojú ni màá mú lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo sin ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó bá mi wá ìwé tí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún kọ fúnra rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó ra ẹyin ẹfọ̀n bọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i. Ìwé tín-ín-rín kan ni, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ kà á fún wa, ìyẹn kò sọ nípa gíláàsì kankan. Ó sọ bí òun ṣe wọ bàtà òdì lọ sí ọsibítù. Ó sọ bí òun ṣe ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ilé ìtọ̀ lemọ́lemọ́ títí nọ́ọ̀sì fi ní kí òun kúkú jókòó sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní òun ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun sì gbọ́ tí dókítà ní àwọn ti parí.

Ọkọ mi fi ọwọ́ lu itan. “Tún ibi nọ́ọ̀sì yẹn kà.”

Ọmọ tún un kà.

“Tíṣà lo pè é?”

“Tíṣà ni, Dádì.”

“Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́, pé ẹ̀rù ba òun tó bẹ́ẹ̀?”

“Òun ló kọ ọ́.”

Ó gba ìwé tín-ín-rín náà lọ́wọ́ ọmọ, ó pa á dé. Ó wá ní, “Bá mi béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn ojú.”

Àyẹ̀wò fi hàn pé irú èyí tí wọ́n lè yọ ni, wọ́n sì yọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, “Àlàájà.” Mi ò tíì dé Mẹ́kà, bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. “Àlàájà, o mà ti darúgbó.”

Mo ní, “Wọn ò tíì fún ẹ̀yin ní dígí ni.”

Nígbà tó yá, ó ka ìwé onírun ẹran fún wa bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Ẹja gbígbẹ àti tíì ni wọ́n fún ọkùnrin náà nínú ilé yẹn, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin iwájú ilé dìde, ó gbé àga rẹ̀. “Bàbá, ẹ dá ojú yẹn padà fún wọn. Ìwé yìí dùn jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀.”

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn ọmọ pé sílé. Bàbá wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kàwé, kò gbọ́ tiwa. Mo sọ fún wọn pé bí ohunkóhun bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n má fi pamọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. Mo ní kí wọ́n wá ìwé ẹni tó mọ nǹkan náà, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì wá ti ẹni tí nǹkan náà ti ṣe rí. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn, ẹni kejì á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ni ojo. Àgbà ọkùnrin inú wọn kò wojú mi, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ní, “Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì.”

“Mo ní kí ló ń ṣe ọ́?”

“Eyín ni.”

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà eyín. Bó bá dé, kó wá jókòó, kó kọ ìwé tirẹ̀.