Àwọn Ojú Tó Ń Yọ Lójú Kọ̀ǹpútà Ọmọ́ṣọlá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ọmọ́ṣọlá ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn ní Lálúpọn: ìwé ìkómọ, lẹ́tà ìwáṣẹ́, àti ní pàtàkì jùlọ, ìwé ìsìnkú. Kò sí ìdílé tí èèyàn kú sí ládùúgbò náà tí kì í mú fọ́tò òkú wọn wá bá a.

Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kú pátápátá. Wándé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Olódò, bá a ra òmíràn, ó kó àwọn fáìlì inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, Windows tuntun ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ọmọ́ṣọlá fi bá a jà. Bọ́tìnnì tó máa ń wà lọ́wọ́ òsì ti sún sí àárín. Ó dá a padà. Ó sọ lẹ́tà di ńlá nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó rí ibi tí èèyàn ti lè ní kí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà máa pààrọ̀ ara rẹ̀, ó tọ́ka sí fódà kan tó ń jẹ́ Àwòrán. Ó rò pé òdòdó àti òkè ló wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà Jonathan, tí wọ́n ti sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ló ń wò ó. Kò pẹ́, tíṣà àgbà kan tóun náà ti kú gba ipò wọn. Òkú ìlú ló kún inú fódà yẹn. Ọmọ́ṣọlá nawọ́ kó yí i padà, àmọ́ ó fà á sẹ́yìn. Ó ń ṣe é bíi pé àlejò lòun fẹ́ lé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Roheem yọ, pẹ̀lú ìborùn funfun, wọ́n rọra ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì kú. Lánàá ni Ọmọ́ṣọlá ra gàrí lọ́wọ́ wọn. Ó pe Wándé.

"Kò lè mú ohun tí kò sí nínú ẹ̀ jáde, mà," Wándé sọ. "Ẹnìkan ló fi síbẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá Ìyá Roheem nílé níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

"Mo rí àwòrán yín lójú kọ̀ǹpútà mi, mà."

Wọn ò gbójú sókè. "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo mú fọ́tò ìkómọ ọmọ tí Kifayah ọmọ mi bí wá, mo fi í há àárín wọn, o sì kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwa Mùsùlùmí, ọjọ́ tí a bá kú náà ni wọ́n ń sin wá. Ìkánjú làwọn ọmọ á fi wá fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe ìwé fídáù, èyí tójú mi wú ni wọ́n á mú. Má yọ ọ́ o."

"Ẹ̀rù ò bà yín, mà?"

"Ojú tí mo yàn fúnra mi nìyẹn. Ṣé ó wuyì?"

"Ó wuyì, mà."

Kò yọ ọ́. Ìyá Roheem ṣì wà láàyè, àmọ́ nígbàkigbà tójú wọn bá yọ, Ọmọ́ṣọlá á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á máa tẹ́tí sójú títì bóyá òun á gbọ́ ariwo ẹkún, títí àwòrán náà á fi lọ.

Lóṣù tó kọjá, ó wá fọ́tò tóun fúnra rẹ̀ yà nígbà tó pé ogójì ọdún, ó gbé e sínú fódà náà. Sanmí, ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló jókòó tì í nígbà tí fọ́tò náà kọ́kọ́ yọ. Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo Ọmọ́ṣọlá.

"Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn, mà?"

"Èmi ni," ó sọ, ó ti bébà sí i. "Ẹ kọ orúkọ bàbá yín síbí."