Wọ́n ní kí màámi bọ́ bàtà lórí òkè àdúrà

Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Màámi ní àtọ̀gbẹ, egbò sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ lásán rìn rárá. Lónìí, màámi ní kí n fi máṣìn gbé àwọn lọ sí òkè àdúrà kan lọ́nà Imasayi.

Oòrùn ti mú àpáta gbóná. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Màmá, ẹ bọ́ bàtà. Ilẹ̀ mímọ́ nìyí."

Mo ṣàlàyé egbò náà fún un.

Ó ní, "Ẹni tó bá nígbàgbọ́, kò sóhun tó máa ṣe é."

Bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ òun fúnra rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe.

Màámi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ bọ́ ọ. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n wò mí, wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n gbàdúrà tiwọn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ, mo pe ọkùnrin yẹn ní òpònú. Màámi ní kí n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Mi ò lọ. Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ńkọ́, ṣé ẹ máa lọ?