Ìpàdé Lórí Páánù Kan

Ẹ bá mi kí akọni tó lè dìde níbi ìpàdé ẹbí, tí yóò na ọrùn díẹ̀, tí yóò sì sọ pé, "Two heads are better than one." Àwọn tó dí odò ní Aṣéjìrè, tí wọ́n sọ ọ́ di omi ẹ̀rọ, àwọn náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì àti irin ni wọ́n lò. Akọni tiwa kò ná ju ẹnu lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, iṣẹ́ ti parí, ó ti jókòó, gbogbo ilé ń mi orí bí alángbá.

Irú akọni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n nílé bàbá wa ní Àpòmù. Ìyá méjì ló bí wa. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, àti ẹ̀gbọ́n wa kejì tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Íbàdàn, ìyá kan náà ló bí wọn. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni ọmọ ìyá kejì. Bàbá ti lọ, ìyá àwọn ẹ̀gbọ́n wa náà ti lọ. Ìyá tèmi nìkan ló kù nínú ilé náà.

Lọ́dún kan, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn ṣí páánù kan lórí yàrá rẹ̀. Páánù kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ fò lọ. Ó kàn ń gbọn apá bí àkùkọ tó fẹ́ kọ ni. Bí òjò bá ti rọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni omi ń kán sí. Ó sún bẹ́ẹ̀dì lọ sápá kan, omi tẹ̀lé e. Ó sún un títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá sọ pé bí a kò bá rí i tún ṣe kí òjò tó le, a óò kó Màmá lọ sílé òun n'Íbàdàn.

"Ìbàdàn?" ni ìyá mi wí. "Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀ tí màá bá jà?"

Ẹni tí kò mọ ẹbí wa lè béèrè bóyá kò sí ìṣó l'Ápòmù ni. Ìṣó wà. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tún ṣe. Bí mo bá kan ìṣó kan síbẹ̀, lọ́jọ́ iwájú ọmọ mi lè dìde pé bàbá òun ló ṣe òrùlé náà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kàn án, èmi àti àbúrò mi yóò máa wo ara wa lójú. Ní ìlú wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ gun òrùlé, wọ́n á ní ó ti ń gba ilé. Nítorí náà, gbogbo wa fi ìṣó sílẹ̀, a pe ìpàdé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa wá láti Ìbàdàn. Àbúrò mi wá láti ilé ọkọ rẹ̀. Èmi wá láti Ìkirè, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ìrìn tí kò ju kí ènìyàn jẹ ẹyọ dòdò méjì tán nínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló ṣí ìpàdé. "Ẹ̀yin àbúrò mi, two heads are better than one."

"Òdodo ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni ẹ̀gbọ́n wa kejì wí. "Let us put our heads together."

Ìyá mi, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń bó ẹ̀gúsí, yíjú sí àbúrò mi. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní orí méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, Màámi."

"Orí?" Ó fi ojú kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́rin ló wà níbí. Kí ẹnì kan gbé tiẹ̀ lọ dí ihò yẹn, kí àwọn tó kù máa sọ̀rọ̀ lọ."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà rẹ́rìn-ín jù wá lọ, lẹ́yìn náà ó yan ìgbìmọ̀.

A ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ nígbà tí òòlù dún lókè. Eruku dà sórí fìlà ẹ̀gbọ́n wa àgbà. A sáré jáde. Ọkọ àbúrò mi, àgbẹ̀ kòkó láti Orílẹ̀-Òwu, ló wà lórí àkàbà, ìṣó há a lẹ́nu.

"Àna wa!" ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà kígbe. "Ta ló ní kí ẹ gun òrùlé?"

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Màmá ni, sà."

"Ẹ ò lè dúró kí ìpàdé parí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òjò ò sí nínú ìgbìmọ̀ yín." Ó kan ọ̀kan sí i. "Ẹ sì fọkàn balẹ̀. Mo ní ilé tèmi l'Ówu. Kò sẹ́ni tó ń fi ìṣó méje jogún ilé àna rẹ̀."

Láti àná ni ìyá mi ti ránṣẹ́ pè é. Nínú gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde nílé wa, òun nìkan ni kò lè jogún ibẹ̀, òun nìkan ló sì lè fọwọ́ kan òrùlé tí a kò ní fura sí i. Àwa tí a gba oyè ní yunifásítì kò rí i. Ìyá mi kò kàwé. Ó kàn mọ̀ wá ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ní kí á bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì padà sáyè rẹ̀, àwa ọmọ ìgbìmọ̀ sì gbé e.

A padà jókòó láti pa ìpàdé dé. Wọ́n ní kí èmi dúpẹ́, torí pé èmi ni wọ́n padà fi ṣe akọ̀wé. Àna wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́. Ohun tó yẹ kí n wí kò ju "Àna wa, ẹ ṣeun" lọ. Mo sì ti fi gbólóhùn Òyìnbó orí méjì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti fi pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo sọ ọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò yọ ọ̀kan.